Ọkọ̀ Olówó Gọbọi Tí Kì Í Jáde Nílé

Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò Adabraka, ní ìlú Akra tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Gáná, tí ó sì ya kúrò ní títì Kojo Thompson tàbí ní Farrar Avenue bọ́ sí àárín agbo ilé, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó rí ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Nínú ọgbà ilé kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá kan dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Tapólì ni a fi bò ó, eruku sì ti bo tapólì. Ẹni tí ó ni ín kò lọ sí ìrìn-àjò, kò sì ṣàìsàn. Ó wà ní ìlú. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn lọ sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹsẹ̀ náà ni yóò sì fi rìn padà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé tí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó wà, a óò ká tapólì náà kúrò, a óò nu ọkọ̀ náà títí yóò fi máa dán bíi dígí, yóò jáde fún wákàtí mélòó kan, yóò sì tún padà wá sábẹ́ igi máńgòrò.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ǹjẹ́ ó bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn ní ọkọ̀ olówó gọbọi nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń wà á? Kì í ṣe àwọn ará Akra nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó kàn wá ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, àti níbikíbi tí ọmọ Yorùbá bá ti ń ṣòwò. Ṣùgbọ́n a mú Adabraka ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere.

Àwọn tí ó mọ ìtàn Akra sọ pé lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn jà ní ìlú náà ní ọdún 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà la àdúgbò Adabraka sílẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè kúrò nínú há-há-há àárín ìlú àtijọ́. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà kò sì ṣàjèjì sí wa rárá. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí àwọn Haúsá ń pè ní albarka ni a gbà pé ó di Adabraka ní ẹnu àwọn ará Akra; ọ̀rọ̀ kan náà ni ó di alùbáríkà ní ẹnu tiwa. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí i.

Lónìí, Adabraka ti di àárín ìlú gan-an. Ìkóríta ńlá tí a fi orúkọ Kwame Nkrumah pè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, Tudu wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọjà wà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà tí í ṣe Holy Spirit Cathedral wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn Ridge kò sì jìnnà sí i. Àwọn ọkọ̀ akérò tí a ń pè ní trotro ń kọjá ní gbogbo ìgbà. Tọ́rọ́, owó ọkọ̀ ìgbà láéláé, ni a gbọ́ pé ó bí orúkọ náà. Láti ọdún 2016, tí Uber ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Akra, ènìyàn lè jókòó nínú yàrá rẹ̀ kí ó fi fóònù pe ọkọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn a máa dé ibi tí ó ń lọ ṣáájú ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀kan nínú àwọn ará wa tí ń gbé níbẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀. Bàbá Ṣèyí ni a ń pè é. Aṣọ ni ó ń tà. Ní ọdún kan tí ọjà gbé e, ó ra ọkọ̀ Mercedes-Benz ńlá kan, gbogbo ẹgbẹ́ sì bá a yọ̀. Láti ìgbà náà, ọjà ti fà sẹ́yìn. Àwọn pẹpẹ tí aṣọ kún títí dé òkè àjà tẹ́lẹ̀ ti ń ṣófo díẹ̀díẹ̀, oníbàárà a sì máa wọlé wá, yóò béèrè ohun tí kò sí, yóò sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé, “Bàbá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ta ọkọ̀ yìí, kí a fi owó rẹ̀ kó ọjà. Ẹ wo bí ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo.” Bàbá Ṣèyí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dáhùn pé, “Ìyá Ṣèyí, bí mo bá ta á, kí ni n ó gbé lọ sí òde? Àwọn ẹgbẹ́ mi yóò ní nǹkan ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.”

A kò ní í fi ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò. Èyí tí ọkọ sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ iyì. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńlá kì í ṣe ohun tuntun ní Akra. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 8 oṣù April 1961, Dókítà Kwame Nkrumah, tí í ṣe Ààrẹ Gáná nígbà náà, sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì bá àwọn ènìyàn inú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ wí nítorí pé wọ́n ń fi ipò kó ọrọ̀ jọ. Kí ọdún náà tó parí, a ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún àwọn tí ó wà nípò: ilé wọn kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, iye ilé méjèèjì lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju £20,000 lọ, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn pẹ̀lú kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn òmìnira, àwọn tí ń sọ èdè Swahili fún àwọn olówó titun ní orúkọ kan tí ó gbajúmọ̀: Wabenzi, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ̀yà àwọn oní-Benz. Nípa èyí, a rí i pé láti ìgbà tí ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ àwa aláwọ̀ dúdú ni ọkọ̀ ńlá ti jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn fi ń wọn ẹni tí ó ti dé ibi gíga, tí wọ́n sì fi ń bínú sí i pẹ̀lú.

Ní ọdún 2018, ìjọba Gáná tún gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ó bu owó-orí lé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tóbi, ó sì pè é ní owó-orí ọkọ̀ afẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi lítà mẹ́ta yóò san Sídì 1,000 lọ́dún. Èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò san 1,500. Èyí tí ó tóbi jù lọ yóò san 2,000. Àwọn ènìyàn kígbe, nígbà tí ó sì di ọdún 2019 ìjọba fagi lé e. Àléébù kan wà nínú òfin yẹn tí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìtóbi ẹ́ńjìnì ni ó wò; kò wo bí ọkọ̀ ti ń rìn tó. Ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Kumasi lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ àti èyí tí ó dúró gbagidi sábẹ́ igi máńgòrò, iye kan náà ni wọ́n ń san. Owó-orí ìjọba ti kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó-orí mìíràn wà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀, tí kò sì sí ìjọba tí ó lè fagi lé e.

Àwọn baba ńlá wa mọ irú owó-orí yìí dáadáa nígbà tí wọ́n ń sin ẹṣin. Ní ilẹ̀ igbó, níbi tí àwọn eṣinṣin tí ń gbé àrùn kó ẹran ti pọ̀, ẹṣin kì í pẹ́ láyé. Nítorí náà olówó àti olóyè ni ó ń ní i. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹṣin kò ní iyì. Ṣùgbọ́n ẹṣin ń jẹ koríko ní ọjọ́ tí a bá gùn ún, ó sì ń jẹ koríko ní ọjọ́ tí a kò bá gùn ún. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹun lójoojúmọ́. Bí ọkọ̀ ti rí náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé igbe ẹṣin ń kéde ebi rẹ̀. Ọkọ̀ a máa jẹ owó ní ìdákẹ́jẹ́.

Oríṣi ìnáwó méjì ni ó wà lórí ọkọ̀. Ìkíní ni ti ìrìn: epo, àti jíjẹ táyà àti bíréèkì lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ kò bá rìn, ìnáwó yìí yóò dínkù. Èkejì ni ti ìní: ohun tí a ń san nítorí pé ọkọ̀ jẹ́ tiwa, ìbáà rìn, ìbáà má rìn. Ìnáwó kejì yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà, òun ni ó sì pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó gọbọi.

Èyí tí ó ga jù nínú rẹ̀ ni bí iye ọkọ̀ ti ń wálẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, a mọ̀ pé ọkọ̀ tuntun a máa pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iye rẹ̀ láàárín ọdún kìíní. Àwọn ọkọ̀ afẹ́ ńláńlá sì sábà máa ń yára wálẹ̀ ju àwọn ọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ, nítorí pé ẹni tí yóò rà wọ́n ní àlòkù kò pọ̀, ẹni tí ó sì lè rà wọ́n ń bẹ̀rù owó àtúnṣe wọn. Lóòótọ́, ẹni tí ń ra ọkọ̀ a máa wo iye kìlómítà tí ó ti rìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ ń béèrè ni ọdún tí a ṣe é. Ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá kì í di ọlọ́dún mẹ́ta nítorí pé a fi tapólì bò ó.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí òfin ń béèrè. Láti ọdún 1958 ni òfin Gáná ti pa á láṣẹ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jáde sí títì láìní inṣọ́ránsì, ó kéré tán èyí tí yóò bo ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Ọkọ̀ ara-ẹni sì gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún kí a tó gbà pé ó yẹ ní títì. Ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ jáde ní ìgbà mẹ́wàá lọ́dún àti ẹni tí yóò gbé e jáde ní ìgbà ẹgbẹ̀ta, ọ̀kan náà ni wọ́n níwájú òfin. Bí ọkọ̀ bá sì jẹ́ olówó ńlá, tí olówó rẹ̀ fẹ́ inṣọ́ránsì tí yóò bo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, iye ọkọ̀ ni a óò fi ṣírò ohun tí yóò san.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. A fi àwọn iye wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ lásán ni. Kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Kí a sọ pé ọkọ̀ kan tó Sídì 600,000. Kí a sọ pé 60,000 ń já kúrò lára iye rẹ̀ lọ́dún, pé inṣọ́ránsì gba 20,000, àti pé ìtọ́jú, bátìrì àti táyà gba 10,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90,000 lọ́dún, a kò sì tíì ra epo. Bí ọkọ̀ náà bá jáde ní ìgbà 600 lọ́dún, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó jáde ná olówó rẹ̀ ní Sídì 150. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde ní ìgbà 50 péré, ìyẹn bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìgbà kọ̀ọ̀kan ná an ní Sídì 1,800. Kí ó wá fi èyí wé ohun tí takisí ìbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti Adabraka lọ sí òde ìgbéyàwó kan náà, kí ó sì fi í wé owó tí yóò fi háyà ọkọ̀ ńlá pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ìgbà náà ni yóò mọ̀ pé ẹni tí kì í wa ọkọ̀ rẹ̀ ni ó ń san owó ọkọ̀ tí ó wọ́n jù ní ìlú.

Ìṣirò yẹn pàápàá kò tíì pé. Sídì 600,000 tí ó wà lábẹ́ tapólì jẹ́ owó tí kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ni a fi kó, a óò tà á, a óò tún kó òmíràn, owó kan náà a sì lè yípo lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún. Èyí ni Ìyá Ṣèyí rí nígbà tí ó wo pẹpẹ tí ó ṣófo.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ó kéré tán, bí n kò bá wà á, kò ní í gbó.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ òde òní kì í sùn. Aago, agogo olè àti àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ń fa iná lára rẹ̀ tọ̀sán tòru, bí ọkọ̀ bá sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná rẹ̀ lè tán pátápátá. Bátìrì tí ó bá ń pẹ́ nínú àìníná yóò bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Epo pẹtiróòlù inú táǹkì ń sá díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ohun tí ó mú un yá gbiná ti lọ, ohun tí ó kù a sì máa lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà epo. Omi inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú òróró bíréèkì, èyí ni ó fi jẹ́ pé a ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì-méjì láìka iye ìrìn. Táyà tí ó ru ọkọ̀ wúwo ní ojúkan náà fún ìgbà pípẹ́ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí ó ti kan ilẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú ń gbó nípa ọjọ́ orí. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ara táyà tí ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é: 2319, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Nígbà tí táyà bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe é ni pé kí a yọ ọ́, bí ó tilẹ̀ dàbí tuntun lójú.

Yàtọ̀ sí èyí, Adabraka kò jìnnà sí òkun. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ wọ ìlú, ó sì ń mú irin dípẹtà. Àwo bíréèkì tí kì í yí ni ó kọ́kọ́ ń mú. Àwọn eku pẹ̀lú a máa rò pé a kọ́ ilé fún wọn, wọn a sì máa gé àwọn wáyà jẹ. Ẹni tí ó ń tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní òwúrọ̀ Sunday, tí ó sì tún ń pa á, kò ran ọkọ̀ náà lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná dáadáa ń kó omi àti epo tí kò jóná jọ sínú òróró rẹ̀. Ìrìn gidi ni ọkọ̀ ń fẹ́.

A kò sì lè gbàgbé ọjọ́ 3 oṣù June 2015. Òjò ńlá rọ̀ sí Akra ní alẹ́ ọjọ́ náà, omi kún àwọn ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ó wà nítòsí odò Odaw. Ní ilé epo kan nítòsí ìkóríta Nkrumah, níbi tí àwọn ènìyàn ti sá sí nítorí òjò, epo bá omi jáde, iná sì gbà á. Ó ju àádọ́jọ ènìyàn lọ tí ó kú. Ìbànújẹ́ ńlá ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọkọ̀ wé ẹ̀mí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí jẹ́ ewu fún un. Omi tí ó wọ inú ọkọ̀ òde òní fún wákàtí kan lè ba wáyà àti ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ kọjá ohun tí owó lè tún ṣe.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró. Ẹ̀rí kìíní jẹ́ ti owó, ó sì lágbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nǹkan bíi Sídì mẹ́fà ni a fi ń ra dọ́là kan ní Gáná. Nígbà tí ó fi di oṣù November ọdún náà, ó ti ju 13 lọ. Ní oṣù December, ọ̀wọ́n-gógó ọjà fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ẹni tí ó fi owó pamọ́ sókùn. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ rí i pé iye Sídì tí a fẹ́ san fún un ń pọ̀ sí i. Irú èyí kò ṣàjèjì sí àwa náà ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọkọ̀ náà kò gòkè; owó ni ó rẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ní ọkọ̀, aṣọ inú páálí, irin ìkọ́lé tàbí ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ pé yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, wọn kò sì ní í béèrè bátìrì. Àwọn ìdílé Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Gáná rántí oṣù November 1969 pẹ̀lú, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ni pé ohunkóhun tí a bá fi ìkánjú tà, ẹni tí ń rà á ni yóò sọ iye rẹ̀. Ọkọ̀ tí olùrà rẹ̀ kò pọ̀ ni ìkánjú ń jẹ jù.

Ẹ̀rí kejì jẹ́ ti àìsàn òru. Bí ìrora bá gbé ìyá àgbà ní aago méjì òru, ta ni yóò dúró de takisí? Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí, kò sì sí ẹni tí yóò gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò ní í jí ní òru ọjọ́ yẹn. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ nítorí àìsàn gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tí ń rìn. Ọkọ̀ kékeré tí a ń gbé lọ sí ọjà lójoojúmọ́ yóò dé ilé ìwòsàn Ridge ṣáájú ọkọ̀ ńlá tí a ní láti kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò tì í.

Ẹ̀rí kẹta ni ti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ ńlá a máa tuni lára ní ọ̀nà Kumasi tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 250, àti ní ọ̀nà Èkó tí ó ju 400 lọ, níbi tí a ó ti gba Aflao, Lómé, Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù kò sí lára àwọn tí a ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì yóò nílò ìwé ààlà àti káàdì inṣọ́ránsì ECOWAS tí a ń pè ní Brown Card, èyí tí àdéhùn ọdún 1982 dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò dúró ní ẹnu ibodè kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ èrò tí ń ná Akra sí Èkó ti sọ gbogbo wàhálà yìí di tirẹ̀.

Ẹ̀rí kẹrin ni iyì, òun gan-an ni ó wà lọ́kàn Bàbá Ṣèyí. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ènìyàn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún lẹ́tọ̀ọ́ láti gbádùn èso ọwọ́ rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ bá sì ń yọ̀ nígbà tí ó wo ọkọ̀ rẹ̀, ayọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kún, tí kò jẹ gbèsè, tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ pé, tí ó sì ní owó ìtọ́jú àìsàn nípamọ́, kò sí ẹni tí ó tó yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ó mọ̀ pé afẹ́ ni òun ń ra, ó sì lágbára rẹ̀. Aburú ibẹ̀ ni kí ènìyàn ra afẹ́ kí ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní ìfipamọ́ owó, tàbí kí ó fi ohun tí ó yẹ kí ilé fi jẹun bọ́ ohun tí òde fi ń wò.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè náà nìyí. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gbé ní irú àdúgbò bí Adabraka, ọkọ̀ olówó gọbọi tí kì í jáde kò bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá rú lójú, kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó kọ gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ jáde láàárín oṣù mẹ́ta sínú rẹ̀, àti ibi tí ó lọ. Lẹ́yìn náà kí ó pín ìnáwó oṣù mẹ́ta náà sí iye ìgbà yẹn. Ìwé náà yóò sọ òótọ́ fún un ju ọ̀rẹ́ lọ. Bí ó bá pinnu láti ta á, kí ó tà á nígbà tí kò sí ìkánjú. Bí ó bá sì pinnu láti dá a dúró, kí ó máa gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí ara wọn, kí ó sì wà á títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná dáadáa. Kí ó máa pààrọ̀ òróró rẹ̀ lọ́dọọdún bí ó tilẹ̀ rìn díẹ̀. Kí ó wo ọjọ́ orí táyà rẹ̀. Kí ó má sì jẹ́ kí ó sùn ní ibi tí omi ń gbà kọjá.

Ní ti Bàbá Ṣèyí, kì í ṣe tiwa láti dá ẹjọ́ inú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè lọ́wọ́ wa, a óò rán an létí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí ọkọ̀ náà ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù, àwọn oníbàárà sì ń rí pẹpẹ tí ó ṣófo ní ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀. Nínú méjèèjì, èwo ni yóò kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún ayé? Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ kékeré tí ń jáde lójoojúmọ́, àti ṣọ́ọ̀bù tí ọjà kún, kò lè bu iyì àgbà kù.

A ti sọ pé alùbáríkà ni orúkọ Adabraka túmọ̀ sí. Àwọn òǹtajà wa mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń wí nígbà tí wọ́n bá fi owó àkọ́tà kan iwájú orí ní òwúrọ̀: pé kí owó náà má dá dúró, kí ó lọ kó òmíràn wá. Owó tí ó bá ń rìn ni alùbáríkà ń bá rìn.